Ìbọn Pélébé Tó Ń Jẹ́ Stovall

Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ọ̀rọ̀ ẹnu fún ọmọ aráyé, ó dájú pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Delbert Stovall tò sórí ìlà. Nígbà tí wọ́n wá kan pínpín ọgbọ́n, ó ti ń sáré lọ sílé láti lọ ròyìn èyí tó gbà. Òun ni ṣẹ́ríìfù àgbègbè Tarlton ní Oklahoma, ìyẹn olórí ọlọ́pàá tí àwọn ará ibẹ̀ fi ìbò yàn. Ọlọ́pàá mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti ajá kan, àti ọkọ̀ mọ́kànlá tí méjì nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ bí òjò bá rọ̀. Síbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló tò sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó ń kó ogun la òkun kọjá. Ẹ má bi mí pé ta ló fún un. Òun ló fún ara rẹ̀, òun náà ló sì kí ara rẹ̀ kú oríire.

Kò lè kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" kó mọ síbẹ̀. Bó bá dé ilé oúnjẹ tó wà lójú títì ńlá, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti máa ń mu kọfí láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á yọ fìlà, á fọwọ́ léyà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," á wí, "ilẹ̀ tún ti mọ́ sórí Tarlton, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa, nítorí èmi kò sùn!"

Irọ́ ni. Ó sùn. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wọn pé bó bá ti di aago mẹ́sàn-án, bó ṣe ń hanrun ń gbọn gíláàsì ojú fèrèsé.

Ohun kan tún wà tí kò lè ṣe láìsí: súìtì míńtì, èyí tó ní ìlà pupa àti funfun. Bí kò bá sí lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í yọ̀ jáde dáadáa. Nítorí pé ọ̀rá ara súìtì máa ń pariwo tó bá ń bó o láàárín ọ̀rọ̀ ńlá, ó máa ń bó gbogbo rẹ̀ láti ilé, á wá da bíi mẹ́wàá sínú àpò ọ̀tún ṣòkòtò rẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ súìtì yìí pamọ́ síbì kan. A ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ẹni tí ìtàn yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni Verna Lusk. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó gbẹ bí igi, kì í rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú pápá tí àwọn ọlọ́pàá Tarlton ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Òun ló kọ́ Stovall gan-an nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá kékeré. Nígbà náà, bí Stovall bá fẹ́ yìnbọn, á kọ́kọ́ di ojú pa. Verna ló bá a ṣí i. Nítorí náà, bó bá ku àwọn méjèèjì nìkan, "Àǹtí Verna" ni ṣẹ́ríìfù ń pè é. Bí èrò bá wà, á di "Ìyáàfin Lusk," pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń pe orúkọ ẹlẹ́wọ̀n.

Verna ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń dán ìbọn wò. Ìbọn tí ọlọ́pàá ń gbé lẹ́nu iṣẹ́ máa ń wà nínú àpò awọ lórí bẹ́líìtì, ó mọ́, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ìbọn pélébé tí wọ́n ń fi pamọ́ sára bí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, abẹ́ ẹ̀wù ló ń gbé. Nínú òógùn ló wà, pẹ̀lú ìhùùhù aṣọ, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀rún bísíkíìtì. Ìdí nìyẹn tí Verna kì í fi í gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lé orí tábìlì. Ìdúró ló ń yìn ín, ìṣísẹ̀ méje sí bébà tó ń yìnbọn sí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ọwọ́ òsì nìkan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọta, kò ní nù ún láàárín. Bó bá parí ìyẹn, á ki ìbọn náà sápò kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, á máa gbé e kiri fún oṣù kan, á fi tọ́jú ewúrẹ́, á fi lọ sọ́jà, á fi jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí oṣù bá pé, á fà á yọ lójijì, á sì tẹ̀ ẹ́.

"Ọta àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́rìí," ló máa ń sọ. "Èyí tó kù, ariwo ni."

Gbogbo ọta tó bá jáde àti gbogbo èyí tó bá kọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo àwọ̀ ewé. Kò sí ẹni tó tíì bá irọ́ níbẹ̀ rí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Stovall pinnu pé kí gbogbo ọlọ́pàá rẹ̀ máa gbé irú ìbọn pélébé kan náà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Méjì jẹ́ ìbọn tí ayé ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brasher, tó ń rọ ìbọn lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Arkansas. Brasher yìí kò gbọ́n nínú irin, ṣùgbọ́n ó gbọ́n nínú ènìyàn. Kó tó fi ìbọn náà ránṣẹ́, ó ti fín orúkọ kan sí i lára pẹ̀lú òdòdó yíká: STOVALL.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní dandan kóun náà ṣe ìdánwò.

Igbákejì rẹ̀, Leland Tubbs, gbé tábìlì wá sí pápá, ó gbé àpò iyanrìn lé e, ó gbé àga onítìmùtìmù sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá jókòó. Leland na agboòrùn sí i lórí. Ọ̀gá fi ìbọn ti àpò iyanrìn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún, Leland gbà á, ó nù ún, ó fi òróró sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu bíi pé ọmọ tuntun ni, ó sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí wọ́n mú bébà kan wá, ihò márààrún tó wà níbẹ̀ kò ju ohun tí ìdérí ìgò lè bò lọ.

Omi lé ròrò sójú Leland. "Ọ̀gá, bí mo bá kú lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bébà yìí sin mí."

"Rárá o, Leland. Bébà yẹn ń lọ sára ògiri ọ́fíìsì mi. Wá nǹkan mìíràn tí wọ́n máa fi sin ẹ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ lókè orí àga rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Verna gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Leland wà níbẹ̀, nítorí náà "Ìyáàfin Lusk" ni.

"Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe rí," Verna wí. "Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìbọn kan há lẹ́ẹ̀kan, ìkejì ò há rárá. Èyí tó lórúkọ yín lára há lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Mo sì tún fi sápò fóṣù kan. Mo fà á yọ, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún."

"Ìyáàfin Lusk, kí lẹ kó sínú àpò yẹn?"

"Ohun tó máa ń wà lápò ènìyàn, ọ̀gá."

"Ìbọn ọba ni wọ́n lọ kó sáàárín ẹ̀gbin!" Leland ké.

"Ẹ wo ara ògiri," Stovall wí, ó nàka sí bébà. "Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Mo rí ihò márùn-ún. Ìbọn náà mọ ọ̀nà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá yìn, ibi tẹ́ ẹ nà án sí ló ń lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í fìgbà gbogbo yìn."

Stovall dìde. Ó ju súìtì kan sẹ́nu. "Ìyáàfin Lusk, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Orúkọ baba mi kò há rí. Orúkọ baba baba mi kò há rí. Irin tó bá wá jẹ́ orúkọ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í há lójú ayé mi! Ọwọ́ tó dì í mú ló rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi burú. Òótọ́ ni pé bí ọrùn ọwọ́ ènìyàn kò bá le, ìbọn kékeré lè há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yìnbọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí òótọ́ tín-ín-rín yẹn ni Stovall ti kọ́ ilé irọ́ alájà mẹ́ta, ó sì kó gbogbo àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àṣẹ jáde. "Láti òní lọ, ìbọn Stovall kì í há. Bí ọta bá dúró sí i lọ́fun, kí a kọ orúkọ ẹni tó yìn ín sínú ìwé, kí a sì kọ síwájú rẹ̀ pé: ọwọ́ rọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kó dá báàjì padà, nítorí ọwọ́ rírọ̀ kò lè gbé òfin dúró. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ìbọn pélébé mìíràn sára, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lóko."

Kò tán síbẹ̀. Láràárọ̀, ní aago méje, gbogbo ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní láti tò síwájú ilé ẹjọ́, kí oníkálukú wọn máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà pupa kan ní igba ìgbà, kí ọwọ́ wọn lè le. Stovall á dúró lórí àtẹ̀gùn, á kan sáárá sí wọn. Leland á máa ka iye. Àwọn àgbà ilé oúnjẹ gbé àga wọn síta pẹ̀lú kọfí, wọ́n ń wòran. Hobart Crume, baba àgbà kan tó ń tún katakata ṣe, ni òun ò tíì rí eré tó dùn tó báyìí láti ìgbà tí màlúù ti já wọ báńkì.

Àmọ́ ẹ̀rín kò sí lẹ́nu Verna, nítorí Tressa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Tressa, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Oko màlúù ló dàgbà sí. Ọwọ́ tó ń di ìwo akọ màlúù mú títí wọ́n á fi fún un lábẹ́rẹ́ ni ìwé sọ pé ó rọ̀. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa parí, ọwọ́ ti rọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọjọ́ tí ìkarùn-ún ṣẹlẹ̀, òun àti Verna nìkan ló wà ní pápá. Ìbọn náà yìn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìdajì ọta ń yọjú níbi tó há sí.

Tressa gbé e kalẹ̀. "Ẹ kọ ọ́, Àǹtí."

"Mo ti kọ ọ́."

"Ẹ ò wulẹ̀ lè fo eléyìí? Bí ọmọ yín ni mo ṣe jẹ́."

"Bí mo bá fo tìẹ, ìwé yìí di ìwé irọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ fi jẹ́rìí, wọ́n á ní Verna ń gbè lẹ́yìn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ìdánwò tó kàn, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé àpèjẹ ọjọ́ ẹja ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa há."

"Mo mọ̀."

Tressa fọwọ́ nu ojú. "Kì í ṣe báàjì nìkan ni mo ń wí. Wọ́n ti tú àwọn ọmọ Gentry méjèèjì tí mo mú lọ́jọ́sí sílẹ̀. Wọ́n mọ ilé mi. Tí wọ́n bá yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù mi rèé." Ó tẹjú mọ́ ìbọn náà. "Irin tí wọ́n fín òdòdó sí. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Verna lọ́kàn. Ọmọ yìí kò bẹ̀rù akọ màlúù rí, kò bẹ̀rù ìjì. Inú bí i sí Stovall débi pé ó pa ìwé dé gbàmù. Ṣùgbọ́n Verna kì í ṣe ẹni tó ń fi ìbínú ṣiṣẹ́. Ó lọ jókòó sí ilé oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu kọfí, ó sì ń wo ọ̀gá.

Stovall wọlé, ó kí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sọ bí kò ṣe sùn. Àwọn àgbà dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ wa, ọ̀gá!"

"Ìbọn yẹn gan-an ti jọ yín, ọ̀gá. Ó sanra díẹ̀, àmọ́ ó lẹ́wà."

Ṣẹ́ríìfù rẹ́rìn-ín, ó sì ki ọwọ́ sápò ọ̀tún. Àpò yẹn ló ń gbé ìbọn Stovall sí. Kò fi àpò awọ bò ó, nítorí ó ní àpò awọ máa ń ba ìlà ṣòkòtò òun jẹ́. Verna ti kìlọ̀ fún un lórí èyí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ náà jáde pẹ̀lú súìtì kan tí ìhùùhù aṣọ ti lẹ̀ mọ́ bí irun àgùntàn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jù ú sẹ́nu. Oòrùn oṣù kẹjọ Oklahoma wà níta, èyí tó ń yọ́ ọ̀dà títì.

Láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí tìmùtìmù yìnbọn, Stovall kò tíì yìn ín mọ́. Oṣù mẹ́ta. Verna fi owó kọfí sílẹ̀, ó dìde, ó sì rìn lọ bá a.

"Ọ̀gá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Ìyáàfin Lusk, ẹ bẹ̀bẹ̀. Etí mi ni ẹnu ọ̀nà ìlú yìí."

"Àwọn ọmọ wa ò tíì rí ọwọ́ tó le rí. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ ẹja, lójú gbogbo ènìyàn, ẹ fi tiyín hàn wọ́n. Màá gbé ìwé wá, màá kọ ọ́ síbẹ̀ kí ọmọ ọmọ wọn lè kà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ṣé ẹ ti rí ẹja tó ń fò sínú awo fúnra rẹ̀? Stovall fi fìlà bo àyà. "Ẹ gbé ìwé náà wá," ó wí, "kẹ́ ẹ sì gbé bírò méjì, torí ọ̀kan lè má tó."

Ọjọ́ ẹja ni Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, tí gbogbo Tarlton ń péjọ sí oko tó wà lẹ́bàá pápá ìyìnbọn láti jẹ ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo yí tí wọ́n sì dín. Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fun fèrè dé etí agbada kan, wọ́n ní àwọn ò fun mọ́. Leland ti mú ìbọn Stovall kan tó ti fi aṣọ nù láti àfẹ̀mọ́júmọ́ wá, ó gbé e sórí ìrọ̀rí àrán pupa, ó sì dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú ọba.

Ọ̀gá gun orí pèpéle. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó jẹ súìtì méje.

"Àwọn kan ń sọ pé ìbọn mi ń há," ó ké. "Mo bi yín, ṣé òkè ńlá ń há? Ṣé odò ń há? Oṣù mẹ́ta ni ìbọn yìí ti wà ní itan mi, tọ̀sán-tòru, nínú oòrùn àti nínú ewu! Ìyáàfin Lusk, ẹ ṣí ìwé! Àṣẹ mi ni pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí òfin ṣe wí, lójú gbogbo ayé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé ojú ìlà níwájú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ọta. Bébà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ọlọ́ṣà sí. Leland gbé ìrọ̀rí náà wá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i.

"Delbert!" Hobart Crume ni, ó ń jẹ ẹja lórí àga rẹ̀. "Ṣé orí ìrọ̀rí lọlọ́ṣà máa bá ẹ ni? Yọ ti itan tó o ń wí!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ itan náà tán ni, kò sí bó ṣe lè gbé e mì. Obìnrin tó ń kọ ìwé ìròyìn Tarlton ti mú pẹ́ńsù dání. Stovall wo ìrọ̀rí, ó wo èrò. Ó gbé àyà síta.

"Leland, gbé ìrọ̀rí yẹn kúrò. Kìnnìún kì í yá eyín."

Ó ki ọwọ́ sápò. Ó fà. Kò wá. Ó tún fà, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀, ìbọn náà sì jáde pẹ̀lú odindi àpò tó yí sódì tẹ̀ lé e, bí ahọ́n ajá. Súìtì méjì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó ti yọ́ ti ṣàn bo òdòdó tí Brasher fín, ó ti gbẹ síbẹ̀, ìhùùhù aṣọ sì hù lórí rẹ̀. Ọ̀gá nà án sí ọlọ́ṣà. Ó di ojú pa. Verna rí i.

Ìbọn náà ní kẹ́.

Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ ní kẹ́ mọ́. Ó fa irin orí ìbọn náà sẹ́yìn, irin náà lọ dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Ó lù ú. Ó gbọ̀n ọ́n létí. Ó wá ṣe ohun tí kò sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń ṣe é: ó yíjú sí àwọn èrò pẹ̀lú ìbọn náà lọ́wọ́.

"Leland! Òróró dà?"

Gbogbo Tarlton dojú bolẹ̀. Ẹja fò, ọbẹ̀ tòmátì dà sórí pásítọ̀. Verna nìkan ló rìn síwájú. Ó di ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ríìfù mú, ó yí i padà sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀.

"Ojú ìbọn sọ́hùn-ún, Delbert," ó sọ fún un jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sọ fún un ní ogún ọdún sẹ́yìn. "La ojú ẹ. Gbé e kalẹ̀."

Ó gbé e kalẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń gbọn koríko dànù lára. Verna lọ síbi tábìlì, ó ṣí ìwé èèpo àwọ̀ ewé, ó ṣí bírò.

"Ọ̀gá, òfin yín ni, ẹ sì ti pa á láṣẹ," ó wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Stovall, Delbert. Ọta àkọ́kọ́ kò jáde. Kí ni kí n kọ síwájú ẹ̀? Ṣé ọwọ́ ló rọ̀ ni, àbí ìbọn ló há?"

Stovall la ẹnu. Súìtì kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bó bá ní ọwọ́ ni, òun ni ṣẹ́ríìfù ọlọ́wọ́ rírọ̀ títí ayé, ọwọ́ tó bú gbogbo ọwọ́ yòókù. Bó bá ní ìbọn ni, orúkọ ta ló wà lára rẹ̀? Òógùn ń ṣàn gba àárín ìràwọ̀ mẹ́rin rẹ̀ lọ. Tressa dúró láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó di ọwọ́ mọ́ra, ó ń wò ó.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ mọ èyí tó máa mú.

"Ìbọn ni," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́, ọ̀gá."

"Ìbọn ni! Ìbọn jákujàku ni! Irin burúkú ni! Kò sí ọwọ́ kankan láyé yìí tó lè mú kó ṣiṣẹ́! Ọwọ́ mi le bí àpáta, ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

"Orúkọ ara ẹ̀ ńkọ́?" Hobart bi í, ó ń wá ẹja rẹ̀ nínú koríko.

"Wọ́n… wọ́n fín in síbẹ̀ láìbi mí!"

Verna kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kò pa ìwé dé. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé èkejì. "Ṣẹ́ríìfù ti jẹ́rìí pé kò sí ọwọ́ kankan láyé yìí," ó wí. "Tressa Lusk, oṣù kẹfà, ọwọ́ rọ̀." Ó fa ìlà lé e. "Oṣù keje, lẹ́ẹ̀mejì." Ó fa ìlà lé e. Ó ka márààrún, ó sì ka ti àwọn yòókù, títí kò fi ku ọwọ́ rírọ̀ kan nínú gbogbo ìwé náà. Tressa sunkún lójú gbogbo ènìyàn, kò bo ojú.

Ó yọ ìbọn Stovall tirẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, ó yọ ọta inú rẹ̀. Bó ṣe ń wá ibi tó máa gbé e sí, ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀. Ìbọn kan ti wà lórí ìrọ̀rí àrán pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń dán. Ti Leland Tubbs ni.

"Mo ti ń fura tipẹ́," Leland ń sọ fún obìnrin ìwé ìròyìn. "Ẹ kọ ọ́ pé mo ti ń fura tipẹ́. T-u-b-b-s."

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn aṣojú àgbègbè fi pe Stovall láti wá ṣàlàyé ìdí tó fi gba irin Arkansas gbọ́ ju ìwé Verna lọ, àti ìdí tó fi nà án sí pásítọ̀. Nílé oúnjẹ, bó bá yọ fìlà, àwọn àgbà á máa wo inú kọfí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá bọ́ọ̀lù rọ́bà pupa kan lórí àga tó máa ń jókòó sí. Wọ́n ti fi gíláàsì bò ó.

Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni lẹ́tà náà, ó sì dárúkọ òkè ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn aṣojú fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí pápá ìyìnbọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdánwò ìbọn wà nínú rẹ̀. Verna wọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tressa tó ń fi ìbọn tuntun, èyí tí kò há rárá, sápò kóòtù iṣẹ́ Àǹtí rẹ̀ fún oṣù kan sí i.

Ojú ìwé kẹsàn-án ni ìdí tí ọ̀gá fi ń lọ wà. Ó ní òun kì bá lọ, ará ìlú kò sì lè rí irú òun mọ́, ṣùgbọ́n dókítà ti yẹ òun wò, ó sì ti fọwọ́ sí i pé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún òun kò lágbára mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ìlú sọ di aláìlera.

Verna kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó na lẹ́tà náà sí Tressa kí òun náà kà á. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé èèpo àwọ̀ ewé súnmọ́ra, ó wá ibi tí "Stovall, Delbert" wà, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ lọ́wọ́ tó gún régé, bí òfin ṣe wí: ọwọ́ rọ̀.